Àrùn Orúnkún Àwọn Tó Kàwé

Èmi ni mo dá àwàdà yẹn sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tó tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje, kì í fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Èjìká ló fi ń rẹ́rìn-ín. Àwọ̀n ló ń hun, lábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí ọ̀sà, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín da ojú àwọ̀n rú mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ ọn, èjìká rẹ̀ méjèèjì á máa lọ sókè, á máa bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ara èjìká yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Yunifásítì kàn fún mi ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni.

Ọdún tí mo jáde ní yunifásítì ni mo sọ fún un pé mo ti rí àrùn kan tí àwọn dókítà kò tíì mọ̀. Mo ní ọjọ́ tí ènìyàn bá gba ìwé ẹ̀rí ló máa ń bẹ̀rẹ̀, orúnkún ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá mú kò ní lè dọ̀bálẹ̀ fún àgbà mọ́. Yóò kàn tẹ̀ba díẹ̀, yóò fi ìka méjì kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń wò bóyá ọbẹ̀ ti gbóná, yóò sì yára nàró. Bí ó bá wá ra mọ́tò, àrùn náà á gòkè dé ìbàdí. Bí ó bá joyè, ọrùn nìkan ni yóò ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà á máa mi orí lásán. Mo fara ṣe é fún un ní ìpele ìpele. Èjìká rẹ̀ mì títí tí abẹ́rẹ́ àwọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó lé ní ogún ọdún, bí mo bá ti dé Ẹ̀pẹ́, màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi á kan yanrìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá bi mí pé, "Àrùn yẹn ńkọ́?" Èmi á ní, "Bàbá, kò tíì rí mi." Kì í ṣe ìkíni nìkan mọ́. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni àwa ń fi èyí bẹ̀rẹ̀ tiwa.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ló rí mi.

Ẹ́sítéètì wa ní Ìkòròdú jẹ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì ń wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. A kì í mọ ojú ara wa. Ikọ́ ara wa la mọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ikọ́ ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó, kò sì fo ilé kankan. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, tó máa ń fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti gbé ní òkè òkun rí, fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí fóònù láti kọ́ wa bí a ṣe lè fi ata ilẹ̀ àti aáyù lé ọ̀fìnkìn lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ohùn náà gùn. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ikọ́.

Ìyàwó mi wúkọ́ fún ọjọ́ méjì péré, ó dìde. Èmi dùbúlẹ̀ fún mẹ́ta. Mo rántí ọjọ́ mẹ́ta yẹn bí ènìyàn ṣe ń rántí odò tí ó fi ojú oorun là kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó funfun bí omi ògì, kò sì fi àárọ̀ hàn yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn wa ń kùn láìdákẹ́, mo sì gbọ́ ọ bí ìgbì. Mo tún di ọmọ ọdún méje. Mo di etí àwọ̀n kan mú, Bàbá wà ní etí kejì, ṣùgbọ́n àwọ̀n náà ti gùn ju ọ̀sà lọ, kùrukùru sì bò ó, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ó ń so kókó. Bí ó bá ti fa òwú, èmi á gbọ́ ọ ní ọrùn ọwọ́, á tún fà á, èmi á gbọ́ ọ ní orúnkún, bí ẹni pé oríkèé ara mi gan-an ló ń so mọ́ ara wọn. Kò dùn mí. Mo kàn ń ṣe kàyéfì pé ó mọ iye wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, imú mi là. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, mo ti gbàgbé, mo sì ń fọ́nnu fún ìyàwó mi pé ara tí wọ́n fi ẹja Ẹ̀pẹ́ kọ́ kì í pẹ́ lórí àìsàn.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí mo jí láàárọ̀ kan tí n kò lè ṣí ìdérí ọṣẹ ìfọyín. Mo wo ìka mi. Wọ́n wú díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì bákan náà. Bọ́tìnnì ẹ̀wù di iṣẹ́. Mo fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún mi méjèèjì ní kí n dúró ná. Ó dà bí ẹni pé ọ̀sà ti gba abẹ́ awọ wọ inú wọn lóru, tó sì ń rọra gbọ̀n níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ó ti rọlẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá.

Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń gbé wa láti ibùdókọ̀ Agric lọ sí Erékùṣù Èkó, kò sí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe dókítà. Akáńtáǹtì wa ní ibà ni, pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù, àwọn ìbejì tí wọ́n máa ń jẹ̀bi gbogbo nǹkan ní orílẹ̀-èdè yìí. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní mo ti tẹ nǹkan tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè mí, ó gbé ọwọ́ lé mi ní orúnkún, ó sì gbàdúrà títí a fi kọjá afárá. Ẹnjiníà kan ní làkúrègbé ni, pé kí n má jẹ ẹran màlúù mọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ṣí báàgì rẹ̀, ó sì mú páálí tíì kan jáde tó ń tún oríkèé ṣe, tó ń tún ojú ṣe, tó sì ń mú kí ọkùnrin máa ṣe bí ọkùnrin. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba ikọ́. Ikọ́ ti lọ, ta ló máa ń ro ẹjọ́ mọ́ ẹni tó ti lọ?

Sátidé tó tẹ̀lé e ni ìpàdé ẹbí tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún nínú ọgbà Bàbá. Mo wa mọ́tò gba Ìtòíkín lọ láàárọ̀ kùtù, n kò sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa dé, orúnkún mi ti dì gbagidi lábẹ́ sítíárì. Mo di ilẹ̀kùn mọ́tò mú kí n tó lè nàró. Gbogbo ẹbí ti jókòó yí ká, Bàbá wà láàárín, gbogbo wọn sì ń retí, nítorí wọ́n mọ ohun tí a máa ń ṣe.

Mo sọ fún orúnkún mi pé ó yá. Ó dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n bá sọ èdè tí kò gbọ́. Mo tún gbìyànjú. Nígbà tí mo rí i pé màá ṣubú lójú gbogbo ènìyàn, mo tẹ̀ba, mo na ọwọ́, mo sì fi ìka méjì kan ilẹ̀.

Ìka méjì gan-an. Mo rí wọn lórí yanrìn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Bàbá náà ń wò wọ́n. Ó ní, "Ó ti wá rí ọ."

Mo ní, "Bàbá, orúnkún ló ń dùn mí. Lóòótọ́ ni."

"Mo mọ̀. Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ àmì àrùn náà fún mi?" Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. "Ẹ gbé àga onígbọ̀wọ́ yẹn wá fún ọ̀gá."

Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré wa àtijọ́ là ń ṣe. Èmi ń wo èjìká rẹ̀. Kò mì.

Mo jókòó sórí àga náà títí ìpàdé fi parí, n kò sì jókòó lórí ohun tó le tó o rí. Nígbà oúnjẹ, ó ní, "Ẹ jẹun, ọ̀gá." Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó ní, "Ẹ kí àwọn ará ilé." Ẹni tó ti fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn mi, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló ń kí mi bí ẹni tó wá wọn ilẹ̀.

Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Mo fi búrẹ́dì méjì rán awakọ̀ kan tó ń ná Ẹ̀pẹ́ láti Gáréèjì Ìkòròdú. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ náà pè mí pé kí n wá gba búrẹ́dì mi, pé bàbá náà ní kí ọ̀gá má ṣe ìyọnu. Ojú ń ti awakọ̀ náà ju èmi lọ. Ọmọ ẹni a máa ṣẹ̀ni, wọ́n á bá a wí, wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Àlejò nìkan ni wọ́n máa ń dá ẹ̀bùn rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, orúnkún kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tí mò ń rò nínú bọ́ọ̀sì, tí mo tún ń rò lórí bẹ́ẹ̀dì, ni pé bàbá yìí lè kú lọ́la, kó sì jẹ́ pé ọ̀gá ni orúkọ tó pè mí gbẹ̀yìn.

Ìyàwó mi ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí oorun ń kùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sùn. Ó tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká orúnkún mi, ó tún nà án. Ó wá bi mí bóyá mo ti ní ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ láìpẹ́ yìí.

Mo ní, "Ikọ́ ti lọ."

Ó ní, "Ikọ́ lọ, sà. Àwọn tó wá lé e lọ ni kò tíì lọ."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ló ń gba imú àti ọ̀fun wọlé. Ara á kó sójà jáde láti bá a jà. Nígbà mìíràn, bí ogun bá ti parí, àwọn sójà náà kò ní í padà síbi tí wọ́n ti wá. Wọ́n á lọ pàgọ́ sínú oríkèé, wọ́n á máa wá ọ̀tá kiri, ibẹ̀ á wú, á sì le, pàápàá láàárọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wúkọ́ ló ń ṣe, ìyẹn ni kì í fi í wá sọ́kàn ènìyàn. Mo ní kí ó má wulẹ̀ ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ sójà tó wá parí ìjà tí kò padà sí bárékè. Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni mí.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi láti rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn mìíràn tó ń fara jọ ọ́. Ó ní kí n ju oògùn agbógunti bakitéríà tí mo ti fúnra mi rà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò níṣẹ́ tó lè ṣe fún irú kòkòrò yìí. Ó fún mi ní oògùn ara ríro tí màá máa lò lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí n máa rọra rìn, kí n má sì jókòó pẹ́. Ó ní bí oríkèé kan ṣoṣo bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì wọ̀ ọ́, kí n sáré padà wá lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí ìyẹn, yóò tán fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Ṣé ẹ ní ibi tí ẹ fẹ́ sáré lọ ni?"

Mo ní ibi tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sí. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Òótọ́ ló sọ nípa ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà, nítorí kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, mo ti ń ṣí ìdérí ọṣẹ ìfọyín mi fúnra mi. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn n kò mọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ìwé fún mi. Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tí àbájáde ẹ̀jẹ̀ dé, tí kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, mo sì tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ ní Ẹ̀pẹ́ rò bí ẹni tó fẹ́ lọ ro ẹjọ́ ní kóòtù. Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ó ní, "Ìwé lẹ wá fẹ́ fi dọ̀bálẹ̀ báyìí?"

Mo gbé àpòòwé náà sórí fíríìjì. Bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo sì fi ìrìn náà sí ọ̀sán, nígbà tí orúnkún mi máa ń gbọ́ràn díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà láti rìn. Ọyẹ́ ṣì wà. Ní Ẹ̀pẹ́, omi àti òfuurufú ti di aṣọ kan náà, kò sí ojú rírán láàárín wọn, ọkọ̀ apẹja kan sì so rọ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé kò kan omi. Bàbá nìkan ló wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ọjà ẹja.

Kò gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá."

Mo fi ọwọ́ ti ara igi náà. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, mo dúró kí ojú mi tó wálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo jọ̀wọ́ ara mi, àyà mi kan yanrìn, iwájú orí mi kàn án, ó sì tutù. Ìrora náà fẹ̀ bí òróró lójú omi, ó sì ń fẹ́lẹ́ lọ. Mò ń gbọ́ abẹ́rẹ́ àwọ̀n, bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, àti ìró òwú nígbà tó bá fà á. Èèrà kan gun ìka mi, ó wò yí ká, ó sọ̀ kalẹ̀. Òórùn ẹja gbígbẹ ń bọ̀ láti ilé kan tí n kò rí. Mo rò pé mo ti wà níbí yìí nínú ibà yẹn, pé n kò tíì jí ni, àti pé kókó tó ń so yẹn, tèmi ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ.

"Ó tó."

N kò mira.

"Mo ní ó tó. Ẹ dìde."

"Bàbá, mi ò lè dìde."

"Ta ló dì yín mú?"

"Orúnkún."

Abẹ́rẹ́ dúró. Mo gbọ́ àpótí rẹ̀ tó ké, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, òjìji rẹ̀ sì bo ọwọ́ mi. Kò gba ohùn mi gbọ́. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ṣubú, ó sì gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Òwú ti sọ ìka rẹ̀ di bí èèpo igi. Ó fi wọ́n lọ yí orúnkún náà ká díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí kókó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó gbóná," ni ó sọ. Ó tún yẹ èkejì wò. "Èyí náà."

Mo wá sọ fún un, pẹ̀lú ẹnu nínú yanrìn: ọ̀fìnkìn, ọjọ́ mẹ́ta, àwọn sójà tí kò padà. Ó gbọ́ ọ tán. Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa sójà.

Ó ní, "Kókó tó bá ti mu omi, a kì í fà á. Ẹni tó bá fà á, okùn ló máa já. Sísá la máa ń sá a sóòrùn. Á tú fúnra rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Bàbá."

Ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi padà sílẹ̀. "O sọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ogún ọdún lo ti fi kọ́ mi pé kí n má gba irú rẹ̀ gbọ́."

Ó ki ọwọ́ bọ̀ mí ní abíyá láti gbé mi dìde. Ó fà mí lẹ́ẹ̀kan, ó fà mí lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi kò kúrò nílẹ̀, òun ló rọra jókòó sórí yanrìn. Ó fẹ́ dìde, kò rọrùn. Ó ní òun fẹ́ simi díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Mo yí ara mi padà, èmi náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, a sì jọ ń wo abẹ́ ewé fúrúùtù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ funfun ti ń jò wálẹ̀ bí omi tó ń kán. Èjìká rẹ̀ kan tèmi. N kò wo ojú rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú ara mi, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́.

Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ti ọjà dé bá wa nìyẹn. Ó dúró pẹ̀lú abọ́ ẹja lórí, ó wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wò mí nílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ń kí ta?"

Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì bi wá èwo ni kí òun kọ́kọ́ gbé dìde nínú wa.

"Gbé ọmọ yìí ná," ni Bàbá wí. "Ó kàwé. Orúnkún rẹ̀ ò dáa."